Lẹbẹ́ Ọkọ̀ Alájì

Típà ni mo mọ̀. Típà, fọ́kílífítì, àti jáàkì ńlá táwọn fọkanáísà fi ń gbé tírélà. Ohunkóhun tó bá ti ń fi ọ́ìlì inú páìpù gbé ẹrù, tó bá wá di ọjọ́ kan tó kọ̀ tí ò gbé e mọ́, wọ́n á ní kí wọ́n lọ bá mi ní Igbó-Elérin. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ìyàwó mi sọ pé bí wọ́n bá di òun lójú láàárín ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, òórùn ọ́ìlì lásán lòun máa fi dá mi mọ̀.

Omi ni mi ò mọ̀. Mi ò lè lúwẹ̀ẹ́. Ní ìlú tí wọ́n bí mi sí lápá Ọ̀yọ́, omi tó jìn jù tá a ní ni ti inú kànga, a kì í sì í wọ inú ẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ní àmì wúrà léjìká, ó sì mú bàtà ẹ̀ lọ́wọ́ nítorí ẹrẹ̀ àdúgbò wa.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá. Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń tún haidirọ́líìkì ṣe?"

"Èmi ni. Típà dà?"

"Kì í ṣe típà. Ọkọ̀ ojú omi ni. Lẹbẹ́ ẹ̀ ló ń yọ wá lẹ́nu."

Mo wò ó lójú. "Lẹbẹ́, bíi ti ẹja?"

"Bíi ti ẹja gan-an." Ó ní òun ni awakọ̀ ọkọ̀ fàájì Alájì kan nílùú Ọ̀jọ́. Lẹbẹ́ irin méjì ló wà lábẹ́ ọkọ̀ náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí ìgbì bá fẹ́ tẹ ọkọ̀ sápá kan, àwọn lẹbẹ́ yìí á yí ara wọn nínú omi, wọ́n á tì í padà kó lè dúró ṣánṣán. Ọ́ìlì ló ń yí wọn. "Ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bá a bá ti tan súìṣì wọn, ńṣe lọkọ̀ á máa fì bí ọ̀mùtí. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ká ní èmi nìkan ló bá ni, ǹ bá sọ òtítọ́. Àmọ́ awakọ̀ típà mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, gbogbo wọn sì ń wò mí lẹ́nu.

"Lẹbẹ́ kẹ̀?" ni mo wí. "Mo ti tún un ṣe títí ó fi sú mi."

Bí mo ṣe bá ara mi létí omi Ọ̀jọ́ nìyẹn. Ọkọ̀ náà gùn, ó funfun, ó ń dán bí eyín ọmọdé. Ó ní pálọ̀, ó ní yàrá, ó ní ilé ìdáná tó dáa ju tilé mi lọ. Ní ẹnu ọ̀nà ni màmá kan tó ń se oúnjẹ fún Alájì ti dá mi dúró. Ará Ògùn ni wọ́n, aláṣọ funfun ni wọ́n nínú ìsìn.

"Ẹ bọ́ bàtà, ọ̀gá mẹkáníìkì. Bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ló rí níbí, a kì í wọ bàtà." Mo bọ́ ọ. Wọ́n wo èékánná ẹsẹ̀ mi tí ọ́ìlì ogún ọdún ti sọ di dúdú, wọ́n wá na àkísà tútù sí mi. "Ẹ kọ́kọ́ fi èyí nù ún ná."

Mo bi awakọ̀ bóyá jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wà. Ó fún mi ní ọ̀kan, aláwọ̀ ọsàn, tó nípọn bíi tìmùtìmù. Mo dì í mọ́ra dáadáa, mo ní kó fi yàrá ẹ́ńjìnnì hàn mí. Ihò kékeré kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọ ibẹ̀. Mo sọ ẹsẹ̀ méjèèjì sínú ẹ̀, mo sọ ìdí sí i, nígbà tó kan àyà, mo há.

"Ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì," ni awakọ̀ wí.

"Mi ò bọ́ ọ."

"Ọ̀gá, a ti so ọkọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Omi tó wà lábẹ́ wa ò ju àyà lọ."

"Àyà tèmi àbí àyà tiyín?" Ó fi orí kan ga jù mí lọ. Ó di ọwọ́ mi mú, màmá náà di ìgbànú mi mú lẹ́yìn, wọ́n fà mí yọ bí ìgbà tí wọ́n ń fa iṣu. Ìtìjú ló mú kí n bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ tí mo tan tọ́ọ̀ṣì, ọkàn mi balẹ̀. Ojúlùmọ̀ mi ni gbogbo wọn. Tánkì ọ́ìlì rèé, pọ́ńpù rèé, họ́ọ̀sì rèé, ọwọ́ irin tó ń tì tó sì ń fà rèé. Típà ni, wọ́n kàn fi sínú omi ni. Mo yẹ ọ́ìlì wò, ó ti lọ sílẹ̀. Mo tú fílítà, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fọwọ́ kan họ́ọ̀sì nígbà tí pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́, ó ń gbọ̀n, mo sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti wọ inú ẹ̀. Ọ́ìlì kì í súnkì, afẹ́fẹ́ ló ń súnkì. Bó bá fi lè wọ páìpù, agbára tó yẹ kó dé ọwọ́ irin á pòórá sójú ọ̀nà.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ṣe é. Mo pààrọ̀ fílítà, mo da ọ́ìlì tuntun sí i, mo tú nọ́ọ̀tì orí họ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń sá jáde, fùùù, fùùù, títí ọ́ìlì fi ń ṣàn gaara. Awakọ̀ tẹ bọ́tìnì láti òkè, lẹbẹ́ lọ, lẹbẹ́ bọ̀, kò há, kò gbọ̀n. Mo nu ọwọ́ mi. Mo tiẹ̀ ń sú ìfé.

Alájì fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdé láti bá wa dán an wò. Ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni, àgbà onílé tó sanra, jalabíà funfun báláú ló wọ̀. Ó ní òun kì í ṣeré orí omi pẹ̀lú inú òfìfo, màmá bá gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹja díndín síwájú ẹ̀. A jáde sójú agbami. Omi parọ́rọ́. Awakọ̀ tan súìṣì lẹbẹ́, Alájì sì bu ṣíbí àkọ́kọ́.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ akérò ńlá kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìgbì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀.

Ìgbì àkọ́kọ́ tẹ̀ wá sósì díẹ̀. Dípò ká padà, ńṣe la túbọ̀ tẹ̀. A wá fò sọ́tùn-ún, a tún tẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwo ìrẹsì gbéra, ó gba orí tábìlì kọjá, ó sì balẹ̀ sí àyà Alájì. Bàrà ńlá kan tí wọ́n gbé sórí fìríìjì yí wá sílẹ̀, ó ń lé màmá kiri ilé ìdáná. Èmi ti dì mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, mò ń ka gbogbo sáàmù tí mo mọ̀, mo sì ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ra.

"Pa á!" ni Alájì ń pariwo láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ pa nǹkan burúkú yẹn!"

Awakọ̀ pa súìṣì. Kíá, ọkọ̀ rọ̀ bí ọmọ tó rí ọmú.

Alájì jókòó sílẹ̀, ìrẹsì wà nínú irùngbọ̀n ẹ̀. "Ẹni tó lóun mọ̀ ọ́n ṣe dà?"

Mo na ìka sókè lábẹ́ tábìlì.

"Alájì," ni awakọ̀ wí, "kí wọ́n tó tún un ṣe, kò burú tó báyìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Alájì ní òun fún mi di ọ̀la, nítorí àwọn àna òun ń bọ̀ wá ṣeré lórí omi lọ́jọ́ Sátidé. Mo délé, mi ò lè jẹun. Bí mo ṣe ń rò ó ni ọ̀rọ̀ awakọ̀ wá yé mi. Lóòótọ́ ló burú sí i! Tẹ́lẹ̀, àwọn lẹbẹ́ náà ń hùwà ìkà, àmọ́ àìsàn ò jẹ́ kí wọ́n lágbára. Èmi ni mo wò wọ́n sàn. Bí èèyàn bá tọ́jú olè tó ń ṣàìsàn títí ara ẹ̀ fi le, iṣẹ́ wo ló rò pé ó máa padà sí?

Bó ṣe di àárọ̀ Tọ́sìdé, mo ní kí gbogbo wọn, àti Alájì alára, dúró sórí ọkọ̀ bó ṣe wà níbi tá a so ó mọ́. Mo tan ẹ̀rọ, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ọwọ́ irin méjèèjì nísàlẹ̀, mo wá ń pariwo sókè: "Ẹ lọ sápá òsì! Gbogbo yín! Ó yá, ẹ padà sọ́tùn-ún!"

Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn gìrìgìrì lórí mi. Alájì nìkan tó láti tẹ ọkọ̀. Àwọn apẹja tó ń kọjá dúró wò wọ́n. Ọ̀kan béèrè pé, "Alájì, ṣé dókítà ló ní kẹ́ ẹ máa sáré ni?" Mi ò gbọ́ èsì, ṣùgbọ́n màmá rẹ́rìn-ín títí.

Nísàlẹ̀, mo rí i. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sósì, lẹbẹ́ òsì tó yẹ kó gbé e sókè ń rì í mọ́lẹ̀ ni. Tọ̀tún náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní ọ̀kan ṣoṣo ni, ǹ bá ní èmi ni mo de họ́ọ̀sì ẹ̀ sódì. Àmọ́ irin méjì kì í gbìmọ̀ pọ̀ ṣìnà. Ẹnì kan ló ń parọ́ fún wọn.

Mo gòkè. "Kí ló ń sọ fún lẹbẹ́ pé ọkọ̀ ti tẹ̀?"

"Àpótí kékeré kan ni," ni awakọ̀ wí.

"Ibo ló wà?"

Ó họ orí. "Ó wà nínú ọkọ̀."

Mo mú wáyà kan láti ara ẹ̀rọ, mo ń tọ̀ ọ́ lọ, mo ń rákò. Ó gba abẹ́ àtẹ̀gùn, ó gba ẹ̀yìn pálọ̀, ó wọ ilé ìdáná, ó sì já sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí màmá ń kó ìkòkò sí. A kó ìkòkò jáde. Níbẹ̀ ni àpótí náà wà, kò ju agolo sàdíìnì lọ. Wọ́n ya ọfà sórí ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iwájú ọkọ̀ ni kí ọfà náà kọjú sí. Ẹ̀yìn ló kọjú sí. Òsì lójú àpótí ti di ọ̀tún, ọ̀tún ti di òsì.

"Ha, èyí?" ni màmá wí. "Èmi ni mo yí i. Wáyà ẹ̀ ń dí ìkòkò ọbẹ̀ mi lọ́wọ́. Mo fi ọ̀bẹ tú u, mo sì dè é padà dáadáa. Mo tiẹ̀ nu eruku ara ẹ̀."

Awakọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Mo ní, "Màmá, ẹ ò sì sọ fún wa!"

"Ṣé ẹ bi mí ni? Láti Mọ́ńdè lẹ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sísàlẹ̀. Ṣé oúnjẹ ti jinná nìkan lẹ̀ ń bi mí."

Alájì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ikùn ẹ̀ ń mì. Mo tú súkúrúù mẹ́rin, mo yí àpótí padà, mo dè é. Kò gbà mí tó àkókò tí wọ́n fi ń dín ẹyin.

A tún jáde. Ọkọ̀ akérò kan kọjá, ìgbì dé, tiwa kàn kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tó kí bàbá ẹ̀, ó sì dìde. Omi inú ife Alájì ò dànù. "Ẹ wá ọkọ̀ mìíràn!" ló wí. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà la fi ń lé ọkọ̀ kiri nítorí kí ìgbì wọn lè kọlù wá, tí Alájì ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà tú ọwọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ tábìlì nígbà tó yá.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, awakọ̀ pè mí lórí fóònù, mo sì béèrè bó ṣe lọ.

"Lẹbẹ́ ò dà wá rárá," ló wí. "Ìyá ìyàwó Alájì ló fajú ro. Wọ́n láwọn ti jókòó fún wákàtí kan, ọkọ̀ ò mì, ṣé a ti kúrò ní Ọ̀jọ́ ṣá? Wọ́n ní báwọn bá fẹ́ jókòó sí pálọ̀, pálọ̀ wà nílé àwọn ní Ìbà."

"Kí ni Alájì wá ṣe?"

"Ó ní kí n pa súìṣì lẹbẹ́. Ìyá ìyàwó ń rẹ́rìn-ín títí a fi dé èbúté."