Nọ́ńbà Ẹ̀yìn Aago

Àbúrò bàbá mi tó ń tún aago ṣe l'Álàdé kì í dá oníbàárà lóhùn kó tó gbé aago rẹ̀ sétí. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀," ló máa ń wí.

Lọ́dún tí àwọn ológun gbéjọba fún alágbádá, oníṣòwò kan gbé aago kan wá láti Owena, irú èyí tí ìjọba ń fún àwọn ológun tó ń wọ ìsàlẹ̀ omi. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ni àkọ́bí àbúrò bàbá mi ń ṣe nígbà ogun abẹ́lé, kò sì padà wálé. Oníṣòwò náà ní Wàrì lòun ti rà á, òun ò mọ ẹni tó tà á.

Olùkọ́ ni mí, èmi ni mo ń bá àbúrò bàbá mi kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ológun ojú omi ní Èkó, láti béèrè ẹni tí wọ́n fún ní aago tó ní nọ́ńbà yẹn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, èsì dé. Mo kà á fún un: ìwé tí wọ́n kọ àwọn nọ́ńbà sí ti jóná.

Ó ká lẹ́tà náà, ó fi sápò. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná.

"Baálé mi, ṣé wọ́n ti fèsì?"

"Wọn ò tí ì fèsì."

Mi ò lè gbójú sókè. Títí àbúrò bàbá mi fi kú, ohun tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, ìyá náà sì ń bu oúnjẹ àkọ́bí rẹ̀ sọ́tọ̀ lójoojúmọ́.