Aṣọ Orí Tẹlifíṣọ̀n Wa

Òórùn eruku tó ń gbóná ni mo fi ń rántí yàrá àlejò wa ní Mamobi, nílùú Accra. Bí ẹ bá dàgbà láyé ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ńlá ṣì ní ẹ̀yìn gbàǹgbà, ẹ ó mọ òórùn tí mò ń wí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ọyẹ́ ti fi eruku kun gbogbo ilé, Ghana ń gbá bọ́ọ̀lù, yàrá wa sì kún dẹ́nu. Àwọn aládùúgbò wà lórí àga, wọ́n wà lórí ẹní, wọ́n wà lójú fèrèsé, tàwọn ti wáákye, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, lọ́wọ́. Bí agbábọ́ọ̀lù wa kan ṣe fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n báyìí, òórùn yẹn gba inú yàrá, fáànù inú tẹlifíṣọ̀n ń kùn kíkankíkan, àwòrán sì kú pátápátá. Iná pupa kékeré kan ló kù tó ń ṣẹ́jú sí wa.

"Ei, Alata!" ni Kofí, tó máa ń kun ọkọ̀ ní Abossey Okai, fi igbe ta. "Wo ara wo TV mpo adum!" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀; ó ní tẹlifíṣọ̀n bàbá mi alára pàápàá ti kú. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì kó lọ sílé ẹlòmíràn láti parí bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe kékeré, nítorí títún tẹlifíṣọ̀n ṣe gan-an ni iṣẹ́ bàbá mi. Iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Irú tẹlifíṣọ̀n yẹn kì í ṣe awo fún un. Gílóòbù kan ló ń tan àwòrán láti ẹ̀yìn, á máa gbóná bí ààrò, fáànù á sì máa fẹ́ ooru rẹ̀ jáde. Bí ooru kò bá rí ọ̀nà lọ, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Bàbá mi ti fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú fáànù. Ó ti pààrọ̀ gílóòbù, aṣọ mímọ́ ló sì fi dì í mú kí ọ̀rá ọwọ́ má kan dígí rẹ̀. Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù kì í dé ìdajì tí tẹlifíṣọ̀n yóò fi kú. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà ń gbé tiwọn kọjá níwájú ilé wa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ojú ń tì mí nílé ìwé.

Aṣọ òwú funfun kan wà tí ìyá mi fi bo tẹlifíṣọ̀n náà. Nílé wa, ohun tó bá níyì, a kì í fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ìyá mi á ká iwájú aṣọ náà sókè tí a bá fẹ́ wòran, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kì í kúrò, ó bo gbogbo ihò tí ooru ń gbà jáde. Ìyá tó bí ìyá mi ló hun ún ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun sì ni ìkẹyìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà mìíràn, bí ìyá mi bá rò pé ẹnikẹ́ni kò wo òun, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án.

Nígbà tí ọyẹ́ sọ aṣọ náà di pupa, ìyá mi fọ̀ ọ́, ó sì sá a sórí okùn. Lọ́jọ́ náà, tẹlifíṣọ̀n ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù dé ìparí. Kofí tó ti dìde ńlẹ̀ de ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n yóò kú tún padà jókòó. Aṣọ gbẹ, ìyá mi dá a padà sáyè rẹ̀, ó sì tan tẹlifíṣọ̀n láti wo ìròyìn. Kò pẹ́ tí òórùn yẹn fi dé. Ìyá mi dìde, ó ki ọwọ́ sẹ́yìn aṣọ náà, ó yára fà á yọ. Ó wá yíjú sí bàbá mi, ó fi orúkọ mi pè é.

"Bàbá Ràfíátù, ẹ mọ̀."

Bàbá mi ń wo ilẹ̀. "Ìyá wa ló hun ún. Kí ni kí n sọ? Pé iṣẹ́ ọwọ́ ìyá wa ló ń ba nǹkan jẹ́?"

"Ẹ wá jẹ́ kí gbogbo Mamobi máa fi yín ṣe ẹlẹ́yà?"

"Ẹ̀rín wọn á tán," ni bàbá mi wí. "Kì í ṣe gbogbo ohun tójú rí lẹnu ń sọ."

Ìyá mi sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín mọ́ ọn. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí ìrọ̀rí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi Hausa, Twi àti Yorùbá sọ fún ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ pé aṣọ òun ló ń pa tẹlifíṣọ̀n, pé ọkọ òun mọ iṣẹ́ rẹ̀ dénú egungun. Nígbà tó kan Kofí, ó sọ ọ́, ó tún un sọ.

Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́, tí mo bá kírun tán, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi ní ọkọ tó gbọ́n ju bàbá mi lọ. Ọlọ́run gbọ́. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ló wà lára ògiri wa báyìí, kò ní gílóòbù, kò ní fáànù. Ọkọ mi gbọ́n, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí àṣìṣe mi kan tí kì í tètè rí, kò sì sí èyí tó rí tí kì í sọ. Èmi náà kò gbẹ́yìn. Tí a bá ti sọ òótọ́ fún ara wa tán, tí ilé wá pa lọ́lọ́, bàbá mi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.