Gómìnà Piúrítánì Tó Gbé Ilé Wa ní Lithonia

Òórùn káńfọ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ní Lithonia, ìlú tí à ń gbé ní Amẹ́ríkà. Màámi ti yọ aṣọ akọrin dúdú tí Dádì ò wọ̀ mọ́ láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó gé e kúrú, ó rán kọ́là funfun mọ́ ọn. Èmi ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo fẹ́ di gómìnà.

Tíṣà wa ló pín àwọn èèyàn àtijọ́ fún wa, pé kí kálukú múra bí ẹni tiẹ̀, kó sọ ìgbésí ayé onítọ̀hún àti ìdílé tó fi sílẹ̀ lójú àwọn òbí. Ẹlòmíì gba agbábọ́ọ̀lù. Èmi gba gómìnà àwọn Piúrítánì, àwọn Kristẹni líle tó wọkọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá tẹ ìlú Ọlọ́run dó sí Amẹ́ríkà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Irú-ọmọ rẹ̀ pọ̀, èmi ò sì ní lọ́yà.

Dádì, tó jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló kọ́kọ́ ka ìwé tí mo yá ní library. Ìfẹ́ ọkùnrin náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Gómìnà fòfin de ijó, ó fòfin de Kérésì, ẹni tó bá jiyàn, ó lé e wọgbó.

"Wo ọkùnrin tó mọ ilé tò," ni Dádì wí.

Màámi ní, "Ta ló ń bá a fọ kọ́là funfun yẹn?"

Látọjọ́ náà, gómìnà di ẹnì kẹrin nínú ilé wa. Ọ̀rẹ́ mi Keisha fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí níbi skating, níbi tí wọ́n ti ń fi bàtà onítáyà yí kiri sí orin, nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ yẹn gan-an, gbogbo class ló ń lọ. Dádì ní, "Orin ayé, táyà lábẹ́ bàtà. Gómìnà ò ní gbà." Mo sunkún títí ojú mi wú.

Nígbà tó kàn mí ní class, mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà. Màámi ló pàṣẹ: "Gómìnà tí ò lè kíni, ilé wo ló ti jáde?" Tíṣà rò pé àṣà Piúrítánì ni, ó yára kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ka àwọn òfin, Dádì ń mi orí lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò tíì ka orí tó kẹ́yìn ìwé. Èmi ti kà á. Mo gbóhùn sókè: àkọ́bí gómìnà sá padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ń ta ọtí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí bàbá ẹ̀ lé wọgbó, kò tiẹ̀ dágbére. Orí Dádì dúró.

Dádì ń wà mí lọ sílé lórí títì márosẹ̀ I-20. Ó ní, "Ọmọbìnrin yẹn, ṣé ó padà wá sin bàbá ẹ̀?"

"Ìwé ò sọ, sà."

Ó mí kanlẹ̀, ó wa mọ́tò kọjá exit tí à ń yà sílé wa. Iwájú ibi skating ló dúró sí. "Bọ́ aṣọ yẹn kó o tó wọlé," ló ní. "Aago méje ni mo máa wá gbé ẹ."

Ìwé sọ ọ́. Ó wà lójú ewé tó kẹ́yìn pátápátá: ọmọ náà padà, ó tọ́jú bàbá ẹ̀ nínú àìsàn, òun ló pa á lójú dé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Dádì ti ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Marietta báyìí, mi ò tíì jẹ́wọ́ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà yẹn gbọ́n jù mí lọ. Èmi tí mo ti lé láàádọ́ta ọdún, òfin ẹnu mi ló lé ọmọbìnrin mi lọ gbé ní Downtown, láàárín ìgboro, ojú ewé tí mo fò yẹn ni mo sì ń kà sí ara mi létí nígbàkigbà tí mo bá ń retí ìpè ẹ̀ tí fóònù ò dún.