Ọkọ̀ Ojú Irin Inú Pálọ̀ Mùstàfá

Ọdún gbọọrọ ni Mùstàfá fi tún iná mọ́tò ṣe ní Àbíjáàn kó tó padà sí Èjìgbò. Kò kó ọrọ̀ bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ìṣeré kan ló gbé bọ̀ nínú páálí, èyí tó ṣèlérí lórí fóònù fún Jímọ́ọ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ibà ti pa Jímọ́ọ̀ kí páálí náà tó délé.

Mùstàfá kò jẹ́ kó wà lásán. Ó kan pákó pẹlẹbẹ sí pálọ̀, ó to ojú irin sórí rẹ̀, ó fi páálí ṣe ihò abẹ́ òkè, ó sì fi bátìrì fún un níná. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò a dì mọ́ fèrèsé, wọn a máa pàtẹ́wọ́. Ràshídátù ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, a sì máa wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kíkankíkan nínú yàrá.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ náà dédé dúró. Wáyà gbóná, ó ń rùn. Mùstàfá mọ̀ pé iná ti bíríìjì, pé níbì kan irin méjèèjì ti kan ara wọn. Ó nu ojú irin, ó yẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Ló bá tú ojú irin sí abala-abala, ó ń fi gílóòbù kékeré dán wọn wò. Èyí tó bá bíríìjì ni gílóòbù á tàn sí. Ti inú ihò ló tàn. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fa abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan yọ, tí wọ́n gbé dábùú irin méjèèjì.

“Ràshídátù, ta ló fi abẹ́rẹ́ síbẹ̀?”

Kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. “Èmi ni, Bàbá Jímọ́ọ̀. Ọmọ tó yẹ kó máa wò ó wà nínú erùpẹ̀, ẹ wá ń fi dá ọmọ ọlọ́mọ lára yá. Ẹ yọ ìyẹn. Abẹ́rẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mùstàfá ní akínyẹmí ara. Ó wá ọ̀rọ̀ tó máa dun ìyàwó rẹ̀ náà.

“Èmi àbí ìwọ ló wà nílé nígbà tí ibà ń ṣe é? Ìdí aṣọ ọdún oníbàárà lo jókòó sí títí ó fi kú.”

Ẹsẹ̀ Ràshídátù dúró lórí ẹ̀rọ. Kò sunkún. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Isundunrin.

Nígbà tí ilé dá páropáro, Mùstàfá lọ bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀ọ́, Mọ̀ọ́mì, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹnu mi ló ṣìnà.”

“Ẹnu rẹ kò ṣìnà, Mùstàfá,” ni ìyá náà wí. “Ibi tó ń lọ gan-an ló dé.”

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.