Ohùn Mẹ́rin Lẹ́yìn Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ọjọ́ tí Bàbá Ohùn-Mẹ́rin dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà nídìí ọkọ̀ náà, kò sì mọ̀. Ohun tí ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí sọ fún un kò ju pé kó rìfáàsì lọ. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ figbe ta, ó sì pe iye ènìyàn àti bó ṣe jìnnà tó, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti wo ohun tó dé. Bàbá rẹ̀ ló bá tó nà gbalaja sílẹ̀, tó fi fìlà bojú bí ẹni tó ń sùn nílé ara rẹ̀.

"Yéè! Bàbá mi! Ṣé orí yín pé báyìí?"

"Orí mi ò ṣe nǹkan kan." Kò tilẹ̀ dìde. "Ọ̀gá, ẹ bá mi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ ní ènìyàn kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta."

Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó pé géérégé. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá ibi tó máa jókòó sí.

Bàbá yìí ló ṣe ẹ̀rọ náà. Ó ní ẹnu mẹ́rin lẹ́yìn ọkọ̀, ẹnu kọ̀ọ̀kan sì ń ké ohùn tí etí ènìyàn ò lè gbọ́. Tí ohùn bá kan nǹkan, á padà. Bó ṣe pẹ́ tó kó tó dé ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí nǹkan náà ṣe jìnnà tó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń ké pọ̀. Èyí tí ẹnu apá òsì rán jáde, apá ọ̀tún á gbà á, á ní tòun ni. Bí ènìyàn kan bá dúró, ẹ̀rọ á ní mẹ́ta ni. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, á tún figbe ta. Ó sú àwọn awakọ̀, wọn ò kà á sí mọ́. Ọmọ bàbá yìí nìkan ló ń dúró nígbàkígbà tó bá ké, ni wọ́n bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Ìyá Bíréèkì. Ọ̀gá wá ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n tú ẹ̀rọ náà dànù.

Ọjọ́bọ ni bàbá rántí òfin kan tó ṣe nílé rí. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì kéré, wọ́n máa ń jọ pariwo lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ rẹ̀, kì í mọ ẹni tó ń pè é. Ó bá yan bí oníkálukú yóò ṣe máa kanlẹ̀kùn fún wọn. Ti ọmọ kẹta, èyí tó padà wá di awakọ̀ yìí, jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta wéréwéré. Àṣé bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń kanlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan tí àna náà wá kí wọn, ó kanlẹ̀kùn yàrá iṣẹ́.

"Lọ fọ abọ́, ọ̀lẹ!" ni bàbá kígbe látinú yàrá.



"Àna mi," ni àgbàlagbà náà dáhùn, "mo ti fọ tèmi kí n tó kúrò nílé."

Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kó tó rántí pé òun ò tíì ṣílẹ̀kùn.

Òfin yìí náà ló fún ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: oníkálukú ní bí yóò ṣe máa ké, etí tirẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gba ohùn ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀.

Gbogbo ènìyàn ló ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín, àfi ọmọ rẹ̀. Awakọ̀ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ òun ni bàbá fẹ́ sọ di apààyàn? Bó ti wù kó bi í tó, èsì kan náà ni: "Ẹ̀rọ mi kì í parọ́." Inú bí i débi pé fún odidi ọdún kan, ó ń kí bàbá, ṣùgbọ́n kì í bá a tàkurọ̀sọ.

Nígbà tí bàbá kú, ọ̀gá wá bá a kẹ́dùn. Ó sọ̀rọ̀ títí ó fi kan ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì rí i pé ojú obìnrin náà le.

"Àbí o ò mọ̀ ni? Mo ní kí awakọ̀ mìíràn wà á, bàbá rẹ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ òun lè ké, kò lè tẹ bíréèkì. Ó ní nínú ẹ̀yin mọ́kànlá, ìwọ nìkan lòun lè fi ẹ̀mí òun lé lọ́wọ́."

Obìnrin náà béèrè pé, "Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Ó ní tóun bá sọ, orí rẹ á wú, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rín ọ̀hún kò tíì tán tó fi di ẹkún, ọ̀gá sì ń gbọ́ ọ tó ń sọ ọ́ léraléra, "Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Ẹ ò bá mà ti sọ fún mi."