Ṣùkúrátù Tí Kì Í Gba “Kò Sí Nǹkan”

Bí ẹ bá rí obìnrin kan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ajah sí Ṣàngótẹ̀dó, tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, tó gbé àpò àgékù páìpù lé itan, tó sì ń bá oníkẹ̀kẹ́ jà pé kó rọra gba inú kòtò, ẹ má rò pé ilé ló ń kọ́. Ọ̀rẹ́ mi Ṣùkúrátù Odùkọ̀yà nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni, àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń kọ́ níṣẹ́. Ó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń yẹ ẹnu ilé ọmọ wò lára obìnrin tí nǹkan kan kò tíì dùn, kí a lè rí jẹjẹrẹ kó tó di jẹjẹrẹ.

Agbẹ̀bí ni èmi. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń lọ sí ilé ìwòsàn tí a ti jọ ṣiṣẹ́, nítorí pé ilé sú mi, àwọn ọmọ mi sì ní ẹnu mi ti pọ̀ jù. N kì í yin èèyàn lásán. Nígbà tí Ṣùkúrátù kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, n kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, mo rò pé agbéraga ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbínú ni mo ń rí lójú rẹ̀, ìbínú náà sì nídìí.

Etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí, ní abúlé apẹja kan lápá Lẹ́kkí, nígbà tí kò tíì sí ilé iṣẹ́ ńláńlá kankan níbẹ̀. Àbẹ̀bí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń yan ẹja tà, ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí Ṣùkúrátù wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára Àbẹ̀bí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ó lọ sí òmíràn, wọ́n ní kò sí nǹkan, Màmá, ara àgbà ni. Kò sẹ́ni tó ní kó dùbúlẹ̀ kí òun wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá. Nígbà tí ẹnìkan fi máa wò ó, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ṣùkúrátù ló tọ́jú rẹ̀ títí tó fi kú. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Ìjẹ̀bú, ẹ sọ “kò sí nǹkan” létí ọ̀rẹ́ mi nígbà tí ẹ kò tíì wò.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ló ti máa ń lọ tọrọ àgékù páìpù lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Á lẹ àwòrán ẹnu ilé ọmọ mọ́ ìdí páìpù kọ̀ọ̀kan: òmíràn mọ́ tónítóní, òmíràn ní àmì funfun, òmíràn ní egbò. Akẹ́kọ̀ọ́ á tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, á sì sọ ohun tó rí. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó rò, Ṣùkúrátù á gba páìpù lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le lójú. Wọ́n á fi òwú kan ọtí kíkan tí à ń pè ní fínígà sí ẹnu ilé ọmọ, èyí tí wọ́n ti pò bó ṣe yẹ, wọ́n á sì dúró díẹ̀. Bí ara ibẹ̀ bá ń yí padà sí ohun tó lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú, yóò funfun. Dídúró yẹn ló máa ń ṣòro fún àwọn oníkánjú. Ṣùkúrátù wá ní kí wọ́n máa bi obìnrin náà ní orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ àti oúnjẹ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ́ràn. Kí ó tó dárúkọ wọn tán, fínígà á ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù obìnrin náà á sì ti dín kù. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ ló ronú kàn án.

Ṣùgbọ́n sísọ ló le ju wíwò lọ. Ilẹ̀ Yorùbá la wà, ọmọdé kì í la ọ̀rọ̀ burúkú mọ́ àgbà lórí. Bí nọ́ọ̀sì kékeré bá rí ohun tí kò dára lára ìyá àgbà, á kúnlẹ̀, á ní ó dára, Mà, á wá máa wá ẹni tó máa bá òun sọ ọ́. Kó tó rí onítọ̀hún, ìyá ti wọ ọkọ̀ lọ sílé. Ṣùkúrátù á ní ìkúnlẹ̀ yín dára, ẹ máa kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni kí ẹ ti sọ ohun tí ẹ rí.

Ní àsìkò òjò èṣí, wọ́n kó àwọn tuntun wá bá a. Dókítà Akínọ̀ṣọ́ wà lára wọn, ó ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ ní Lẹ́kkí Free Zone. Àdúràgbèmí náà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ láti ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ṣàngótẹ̀dó. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, bó bá kí èèyàn, ẹ ó rò pé àforíjì ló ń tọrọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn ṣe àyẹ̀wò náà, omi òjò bo gbogbo ọ̀nà, àwọn obìnrin tó ṣèlérí pé àwọn ń bọ̀ kò sì rí ọ̀nà wá. Dókítà wá fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá Àǹtí fúnra wọn ti ṣe àyẹ̀wò yìí rí.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Obìnrin tó ti kọ́ gbogbo wa kò dùbúlẹ̀ fún àyẹ̀wò yìí rí, bẹ́ẹ̀ ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Ó ní iṣẹ́ ni kò jẹ́. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ojú tì í, mo rí i. Ó wá ní kò sóhun tó ní kó má jẹ́ òní, ó ní kí Àdúràgbèmí lọ fọ ọwọ́ rẹ̀.

Àwa mẹ́ta la wà lẹ́yìn kọ́tìnì: òun lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ náà nídìí iṣẹ́, èmi níbi orí rẹ̀. Ṣùkúrátù kò dákẹ́. Láti orí ìdùbúlẹ̀ ló ti ń ní kó gbé iná sókè díẹ̀, kó má sì gbàgbé láti bi òun ní orúkọ àwọn ọmọ òun. Ọmọ náà bi í. Ó ní Fàrídà ni àkọ́bí, dòdò ló fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ Babájídé, àbúrò Fàrídà tí kì í fẹnu kan ẹ̀wà, ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí mo rí ojú Àdúràgbèmí. Láti ibi tí mo dúró sí, n kò lè rí ohun tó ń wò, ṣùgbọ́n mo ti gbẹ̀bí pẹ́ tó láti dá ojú ẹni tó rí nǹkan mọ̀.

“Ó dára, Mà,” ni ọmọ náà wí. “Kò sí nǹkan.”

Ṣùkúrátù dìde, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì jáde lọ bá àwọn yòókù. Àdúràgbèmí lọ sídìí omi, ó fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀, ó tún un fọ̀. Àṣà Ṣùkúrátù sì ni pé ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ wá síwájú gbogbo wọn láti sọ ohun tó rí. Ó pe ọmọ náà. Ó wá, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Mo purọ́. Mo rí funfun.”

Mo rò pé Ṣùkúrátù máa bínú, tàbí kó ṣubú. Ó di etí tábìlì mú.

“Apá ibo ló wà?”

“Ibi tí aago mẹ́ta máa ń wà lójú aago, Mà.”

“Ṣé o rí etí rẹ̀, àbí ó kàn funfun káàkiri?”

“Mo rí gbogbo etí rẹ̀, Mà.”

“O wò ó dáadáa,” ni Ṣùkúrátù wí. “Dìde. Tún un sọ, kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́.”

Ọmọ náà dìde, ó ń sunkún, ó sì ń sọ ọ́. Èmi tí ojú mi ti rí ìbí àti ikú, mo ní láti jáde síta.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, mo bá Ṣùkúrátù lẹ́yìn ilé, ó jókòó lórí àpò páìpù rẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ó ní Àbẹ̀bí ni òun ń rí. N kò mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kan tí kò ní dún bí irọ́ létí rẹ̀, torí náà mo ní kó sún fún mi, a sì jọ jókòó lórí páìpù títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èmi ni mo sìn ín lọ sí ọsibítù ńlá. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní ká máa retí èsì. Èsì dé: ara ibẹ̀ ti ń yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì di jẹjẹrẹ. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbígbóná jó ojú ibẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kó tún ṣe àyẹ̀wò náà tó bá di àmọ́dún.

Ẹlòmíràn á fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ṣùkúrátù ń sọ ọ́ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dé, kò sì yọ ojútì tirẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àdúràgbèmí kò wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Mo gbọ́ pé ó ní òun kò lè gbójú sókè wo Àǹtí mọ́ láéláé.

Nígbà tí ọdún yí po, Ṣùkúrátù kò pe ẹlòmíràn. Ó ránṣẹ́ sí Ṣàngótẹ̀dó, ó ní kí ọmọ náà wá. Ó wá, ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì yẹn náà ni, ibi orí rẹ̀ yẹn náà ni mo dúró sí. Ọmọ náà tan iná, ó fi òwú kàn án, ó bi í ní orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Fàrídà, dòdò. Babájídé ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀wà báyìí. Ọmọ náà dúró, ó wò ó, ó sún iná mọ́ ọn, ó tún un wò. Mo gbé ọwọ́ mi lé orí híjáàbù ọ̀rẹ́ mi.

“Kò sí nǹkan, Mà.”

Ṣùkúrátù di ojú, omi sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá sílẹ̀. Kò béèrè apá ibo, kò béèrè etí. “Alhamdulillah,” ló wí. Ọ̀rọ̀ tí kì í gbà lẹ́nu ẹnikẹ́ni láìbéèrè nǹkan láti ìgbà tí Àbẹ̀bí ti kú, ó gbà á lọ́jọ́ náà, nítorí pé ẹnu tó sọ ọ́ ti sọ èyí tó burú fún un rí.