Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Ilẹ̀ Lásán

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ẹnu Ọ̀wá, kò sí ọmọ tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ àárọ̀ nílé wa láìjẹ́ pé ó ti kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ gba oríkì. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ohun tí mò ń sọ. A ó ti pọn omi láti ẹnu ẹ̀rọ, a ó ti gbá àgbàlá, a ó ti nu gílóòbù àtùpà tí èéfín sọ di dúdú. Ìyá mi á ti kírun Àṣùbáà tán, á jókòó sórí ẹní, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, bùtá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ó wá máa wọlé tọ̀ ọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì náà a máa tutù. Àyà mi á wà nílẹ̀, ọkàn mi á wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sídì, ti ń din àkàrà. Òórùn epo gbígbóná á máa gba ojú fèrèsé wọlé bí ẹni tó ń pè mí. "Àkàndé," ni ìyá mi á bẹ̀rẹ̀, "ọmọ olómi lẹ́yìn ilé tí kì í fi omi kànga ṣàlejò." Ó gùn, ìyá mi kì í sì í kánjú. Á pe bàbá, á pe bàbá bàbá, á dárúkọ ẹja tí wọ́n pa àti ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́. Ibi ọkọ̀ yẹn ni mo ti máa ń dìde.

Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ yìí kì í ṣe ẹgba. "Ta ló ní kí o dìde?" ni á wí. "Ṣé oríkì ló tán, àbí àkàrà ló pè ọ́?" Á wá tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ kan wà tí mo dìde lẹ́ẹ̀mẹta, tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi jẹ àkàrà tèmi tán. Nígbà tó bá sì parí rẹ̀ lóòótọ́, etí mi kì í sí níbẹ̀ mọ́.

Mo lọ sí yunifásítì, mo wá gbọ́n jù. Mo kàwé púpọ̀ nípa ìtàn àwọn baba ẹlòmíràn. Bí mo bá wálé lásìkò ìsinmi, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ wàràwàrà, kí n sì dìde kí ìyá mi tó lanu. Kò bínú rí. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Oríkì kì í sá. Ìwọ lò ń sá."

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti bímọ, kí n tó ra kámẹ́rà fídíò, irú èyí tí à ń gbé lé èjìká bí àpò ìrẹsì. Mo gbé e lọ sí Ẹnu Ọ̀wá, mo fi ya ìyá mi tó ti darúgbó. Lẹ́yìn náà ni mo kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà sínú páálí, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọdún tó kọjá ni Sídì kú. Òun nìkan ló mọ oríkì yìí tán láàárín wa. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ ọ, mo máa ń pè é lórí fóònù ni. Ní àárọ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, mo jókòó sórí ẹní mi, mo pe ara mi ní Àkàndé, mo ka ìlà mẹ́rin, ó tán lẹ́nu mi. Kò sí ẹni tí mo tún lè bi. Nígbà náà ni mo rántí páálí yẹn.

Rísì, ọmọ mi obìnrin, ló bá mi wá wáyà kiri títí dé CMS, tó fi so kámẹ́rà àtijọ́ náà mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ní ọ̀nà àbùjá. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan, wákàtí kan gan-an ló ń gbà kí ó tó wọ inú kọ̀ǹpútà, méje sì ni wọ́n. Kí a tó dé ìkẹta, ó ti rẹ̀ mí. Ojú ń ro mí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sí mi níbẹ̀ ló ti kú. Rísì ní kí n lọ sinmi, pé òun á gé ibi tí kò dáa, òun á to ìyókù.

Nígbà tó gbé e wá, ó dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oríkì kò sí níbẹ̀.

"Níbo ni ìyá mi ti ń kì mí?" ni mo bi í.

"Dádì, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń kì yín."

"Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti kírun tán."

"Ibẹ̀ yẹn? Ilẹ̀ lásán ni, Dádì. Ìṣẹ́jú mẹ́fà, ilẹ̀ àti bùtá àti ẹsẹ̀ Màmá Àgbà. Mo ti pa ohùn rẹ̀ nígbà yẹn. Mo rò pé ẹ gbàgbé láti pa kámẹ́rà ni, mo bá gé e dànù."

"Mi ò gbàgbé. Mo gbé e kalẹ̀ ni. Ṣé ìyá mi á máa kì mí, kí n dúró lé e lórí?"

"Ẹ ṣáà lè gbé kámẹ́rà lé àga."

"Ìwọ náà ṣáà lè béèrè."

Ó ti pa odindi fídíò náà rẹ́ nítorí pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kún. A ní láti tún kásẹ́ẹ̀tì náà tì bọ kámẹ́rà. Ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ẹ̀rù sì ń bà wá pé yóò já. Kò já. Ilẹ̀ yọ: sìmẹ́ńtì tó ti sán, etí ẹní, ẹsẹ̀ ìyá mi pẹ̀lú làálì tó ti ń ṣí. Ohùn rẹ̀ wá tẹ̀ lé e. Rísì mú bírò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá mi pe bàbá, ó pe bàbá bàbá, ó dé ibi ẹja, ó dé ibi ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo rí ọwọ́ ara mi tó nà wá síwájú, láti wò bóyá iná pupa kámẹ́rà ṣì ń tàn.

"Ta ló ní kí o dìde?" ni ìyá mi wí, ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò tíì dé ibi ọkọ̀ tí bátìrì kámẹ́rà fi kú lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún.

Rísì gbé bírò dúró. "Ìyókù ńkọ́, Dádì?"

"Mo dìde," ni mo sọ fún un.

Láyé ìgbà yẹn, ìyá mi ní sùúrù, èmi ni mi ò ní àkókò. Lóde òní, mo ní àkókò láti àárọ̀ títí di alẹ́, àkàrà gan-an, dókítà ti ní kí n yé jẹ ẹ́. Bí mo bá kírun tán láàárọ̀, mo máa ń tẹ́ ẹní síwájú kọ̀ǹpútà, mo ń tan ìṣẹ́jú mẹ́fà yẹn. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ mọ́, mo ń jókòó ni, mo ń tẹ orí ba. Tó bá dé ibi ọkọ̀, tí ọwọ́ yẹn bá nà jáde, mi ò jẹ́ kí ìyá mi dààmú mọ́. Èmi fúnra mi ni mo ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.